Kẹ̀kẹ́ Àbígbẹ̀yìn àti Kọ́nà Ẹni Ọ̀hún

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa sọ ohun tí mo bá ṣe lójúmọ́, kí wọ́n máa bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má baà máa gbàgbé nǹkan. Èmi ò gbàgbé nǹkan kan rí. Ìyẹn gan-an ni wọ́n fi ń sá fún mi. Mi ò mọ̀wé, ìyàwó ọmọ mi ló ń kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un: bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi ìwé tó kà tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Ti òní. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Àbígbẹ̀yìn, ọmọ mi, fi ń kó ẹyin gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè ní kọ́nà bí ajá tó fẹ́ tọ̀. Kíréètì méjì fọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ń kó ẹyin náà fún ní bí òmíràn bá tún fọ́ kí oṣù yìí tó parí, òun á wá ẹlòmíràn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Mẹkáníìkì wá. Ó-Ti-Parí ni mo sọ ọ́, nítorí kò ní tíì tú nọ́ọ̀tì kan tí á ti ní ó ti parí. Ó ní sípíríìngì ẹ̀yìn méjèèjì ló rọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ fi ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi sípánà yí òrùka tó wà nídìí wọn, ó fún wọn pinpin. Ó ní ó ti parí.

Lóòótọ́, kò tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́. Ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún ni, bí àgbàdo nínú agbada gbígbóná. Ẹyin mẹ́rìnlá la fi dán an wò, tiwa ni. Mẹ́rìnlá ló fọ́. Ẹyin la jẹ lálẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹyin la tún jẹ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Ó-Ti-Parí padà wá láti dẹ sípíríìngì. Mo jókòó sínú kẹ̀kẹ́, mò ń ṣa ẹ̀wà — ibẹ̀ nìkan ni ibòji wà nínú ọgbà. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ó yẹ kí sípíríìngì sinmi kí n tó wọ̀n ọ́n." Mo ní èmi náà ń sinmi. Ó dúró, ó wò mí, ó wo ẹ̀wà. Mi ò sọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yí ti ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹta, ó yí ti òsì lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n wà á lọ dán an wò tèmi tẹ̀wà. Ní kọ́nà, ó yí bí omi tó ń yí òkúta po. Ẹ̀wà kan ò dànù.

Kọ́nà yẹn, apá òsì ló yí sí. Lápá ọ̀tún, níbi tí kẹ̀kẹ́ ì bá ṣubú sí gan-an, ibẹ̀ ni ilé Ẹni Ọ̀hún wà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Àbígbẹ̀yìn dá lọ. Kẹ̀kẹ́ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò tíì kó ẹyin.

Ó-Ti-Parí họ orí títí. Ó ní èmi tí mo jókòó síbẹ̀ lòun fi wọn sípíríìngì, kẹ̀kẹ́ kò sì mọ ẹlòmíràn mọ́. Àfi kí n máa bá wọn lọ. Mo ní ṣé mo ti wá di ẹrù ni? Àbígbẹ̀yìn ní, "Màmá, ẹrù kọ́. Ara kẹ̀kẹ́ ni yín."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n gbé mi lọ sórí òṣùwọ̀n ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ. Kílò méjìdínláàádọ́rin. Àbígbẹ̀yìn kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, àwo mi ló ń wò. Inú ń run mí lánàá, mo ní mi ò jẹun. "Màmá, ẹ jẹun, kọ́nà ń bọ̀." Ìyàwó bu ṣíbí kan kún un, ó ní ó ti pọ̀ jù, ó yọ ìdajì. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò béèrè rí bóyá mo jẹun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Iyanrìn ni wọ́n fi rọ́pò mi lónìí. Wọ́n rọ ọ́ sínú àpò, kílò méjìdínláàádọ́rin géérégé, wọ́n gbé e sí àyè mi. Kẹ̀kẹ́ gbé ẹsẹ̀ sókè, àpò já, iyanrìn dà sójú títì.

Inú mi dùn díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó-Ti-Parí ní ọ̀rọ̀ yìí kò yé òun. Ó jókòó kọjú sí mi nínú kẹ̀kẹ́, ó ranjú mọ́ mi bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. A dé kọ́nà, ó ní kí Àbígbẹ̀yìn dúró.

"Ìyá àgbà, kí lẹ ṣe nísinsìnyí?"

Mi ò ṣe nǹkan kan.

"Ẹ yí padà. Gbogbo ara yín ló lọ sósì."

Mo ní ṣé kí n máa wojú rẹ̀ ni? Ó ní ojú ta.

Ó dáa. Kọ ọ́, ìyàwó, ó ti di dandan. Ẹni Ọ̀hún ni ìyá mi bí tẹ̀ lé mi. Nígbà tí ìyá wa kú, mo mú ìkòkò ńlá wọn, òun mú ìdérí rẹ̀. Mo ní kó gbé ìdérí wá. Ó ní kí n gbé ìkòkò wá. Ọdún kọkànlá rèé. Àwo pẹrẹsẹ ni mo fi ń dé ìkòkò tèmi. Mo gbọ́ pé ó gbé tirẹ̀ kọ́ sára ògiri. Iwájú ilé ló máa ń gbé àga sí. Bí mo bá ń kọjá, mo ń kọ ẹ̀yìn sí i. Bí ó bá rí mi, òun náà ń kọ ẹ̀yìn sí mi. Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn.

Ó-Ti-Parí pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Ó wá ní, "Ìyá àgbà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má parí ìjà yẹn."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ẹyin kan ò fọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì yin Àbígbẹ̀yìn pé ó mọ kẹ̀kẹ́ wà. Kò sẹ́ni tó yin odì tí mo ń yàn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún

Àga Ẹni Ọ̀hún kò sí níta. Mo kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Kò sí àga. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ìyàwó ń béèrè bí mo ṣe rí i nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni mo kọ sí i. Dígí wà lára kẹ̀kẹ́. Kọ ohun tí mo sọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Kò sí àga. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo ṣẹ́ oúnjẹ kù sínú àwo. Àbígbẹ̀yìn ń kùn nítorí ìdajì kílò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo wò ó.

Ìwòkuwò kọ́. A dé kọ́nà, mo yíjú sọ́tùn-ún, mo na ọrùn kí n lè wo ojú fèrèsé rẹ̀, gbogbo kílò mi sì tẹ̀ lé ọrùn mi. Kẹ̀kẹ́ kò tiẹ̀ ṣubú kíákíá. Ó rọra dùbúlẹ̀ ni, bí arúgbó tó fẹ́ sùn, ó gba inú ọgbà páànù wọ àgbàlá Ẹni Ọ̀hún. Kò sẹ́ni tó farapa. Orí tapólì tí wọ́n fi wé ẹyin ni mo balẹ̀ sí. Kíréètì mẹ́jọ.

Ẹ̀yìnkùlé ni Ẹni Ọ̀hún ti jáde wá, ọṣẹ lọ́wọ́. Ó dúró, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu ọ̀nà kọ́ lẹ gbà wọlé yẹn."

Mo ní, "Mo rò pé o ti kú."

"Kí ni ì bá pa mí? Ẹ̀yìn yín tó ń kọjá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ló sú mi. Mo gbé àga mi lọ sẹ́yìnkùlé."

Àbígbẹ̀yìn jókòó sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní iṣẹ́ ti bọ́. Ẹni Ọ̀hún ṣí tapólì. Ẹyin ti di adágún nínú rẹ̀.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?"

Àbígbẹ̀yìn ní búrẹ́dì ni.

"Wọn ò ní fọ́ ọ kí wọ́n tó pò ó ni? Àbí adìyẹ ló fẹ́ sàba lé e?"

 Ó ní asẹ́ wà nílé òun tí a lè fi yọ èèpo rẹ̀, ìkòkò ńlá tó ní ìdérí ló kù. Ló bá wò mí. Èmi náà wò ó. Àwọn tó ń kọjá ti gbé kẹ̀kẹ́ nàró kí n tó lanu pé kí Àbígbẹ̀yìn sáré lọ gbé ìkòkò wá. Ẹni Ọ̀hún wọlé, ó gbé ìdérí wálẹ̀ lára ògiri, ó fi ìró rẹ̀ nù ún. Nígbà tí ìkòkò dé, ìdérí wọ̀ ọ́ pẹ́ẹ́.

A gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó béèrè ẹni tó ronú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ní ìdajì àárọ̀ làwọn òṣìṣẹ́ òun fi ń fọ́ ẹyin. Bẹ́ẹ̀ ni ká máa gbé e wá láti òní lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Àbúrò mi kò jẹ́ kí ìdérí náà kúrò lójú òun. Ó ti bá a dé ilé wa, ó ti sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nínú kẹ̀kẹ́, èmi gbá ìkòkò mú, òun gbá ìdérí mú.

Kẹ̀kẹ́ ti padà sí gbígbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹyin fífọ́ ń yí gbì-ì nínú ìkòkò ní kọ́nà, ó burú ju kíréètì lọ. Kò sẹ́nìkan níwájú ilé yẹn mọ́ tí mo lè kọ ẹ̀yìn sí. A jókòó gbọnrangandan.

Ó-Ti-Parí yí òrùka ọ̀tún, ó yí ti òsì, ó yí wọn títí òòrùn fi kan àtàrí. Níkẹyìn ó fi sípánà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú àwa méjèèjì. Ó béèrè bóyá a lè tún jà, díẹ̀ péré, ní kọ́nà nìkan.

Àbúrò mi ní kò le, kí òun ṣáà gbé ìdérí òun lọ sílé.

Mo ní kó gbé e kúrò kí n rí i.