Ọ̀tún ni Mo Pè, Òsì Ló Jù ú Sí

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin olóhùn arara,

Ọmọ ọmọ yín dójú tì mí ní Calgary níbí, ẹ̀yin sì ni mo fẹ́ bá jà.

Ìníolúwa, àkọ́bí mi, ni quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Taradale, àdúgbò kan níbí. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa o, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ju èyí. A máa ń fọ́n àwọn tó máa gbà á ká gbogbo ojú pápá, kí àwọn tó ń ṣọ́ wọn náà lè tú ká, kí àyè ṣí sílẹ̀. Èmi coach ni mo ń pe ibi tí yóò jù ú sí.

Ṣé ẹ rántí pápá wa ní Abẹ́òkúta? Ẹ ó dúró létí ìlà, orógbó lẹ́nu, ẹ ó máa lọgun pé kí n gba ọ̀tún, kí n gba òsì. Kí n tó débẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ mi ti gbọ́, ó ti ń dúró dè mí. Bàbá, kí ló ń ṣe yín gan-an?

Èmi wá rò pé mo gbọ́n jù yín lọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ Yorùbá nínú snow? Ni mo bá ń pariwo ọ̀tún, òsì, ọ̀nà jíjìn, bó ṣe wù mí. Ó ṣiṣẹ́ títí a fi pàdé ẹgbẹ́ Copperfield. Gbogbo ohun tí mo pè pátá ni wọ́n já gbà. Àṣé ọmọ Yorùbá méjì ló wà nínú wọn! Ìyá ọ̀kan jókòó sẹ́yìn mi, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìní bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun máa fi ojú ara òun wò ó. Mo kọ̀. Mo ṣáà jọ yín.

Saturday tó kọjá, a tún bá wọn pàdé. Ẹni tó bá pàdánù, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré ká ju bọ́ọ̀lù. Mo lọgun ọ̀tún. Gbogbo Copperfield ya sí ọ̀tún. Ọmọ yìí náà kọjú sí ọ̀tún, ó wá ju bọ́ọ̀lù sí òsì, níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá dúró sí. A borí! Òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, èmi nìkan ni n kò mọ̀. Ariwo mi ni wọ́n fi tan àwọn yẹn jẹ. Inú bí mi débi pé mi ò lè yọ̀. Ìní ń fi mí rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò títí a fi kọjá Sunridge.

Kí ló dé tí èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín? Mo purọ́ fún yín nígbà yẹn pé ìwé ni mo fẹ́ gbájú mọ́. Ohùn yín ló lé mi kúrò nídìí bọ́ọ̀lù. Ẹ ò bi mí léèrè, ẹ kàn dákẹ́. Ìgbà tí a sin yín tán tí a ṣí àpótí aṣọ yín, bàtà bọ́ọ̀lù mi ni mo bá níbẹ̀, ẹ ti nù ún, ẹ wé e sínú nylon. Ta ni ẹ ń tọ́jú rẹ̀ dè? Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ kì í dákẹ́?

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọgun sí mi lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Ẹ ní kí n gba ọ̀tún. Òsì ni màá gbà, ṣùgbọ́n mi ò ní kúrò lórí pápá.

Èmi ni,
ọmọ yín olóríkunkun tí àárò yín ń sọ.