Gàrí Kíkan Tí A Fi Rọ́pò Ṣúgà

Bàbá mi àtàtà,

Ohun tó bàjẹ́ rèé. Àtọ̀gbẹ ń ṣe yín, a gba ṣúgà lọ́wọ́ yín, a wá ń fún yín ní gàrí láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Nọ́ọ̀sì mọ̀, ìkánjú ni kò jẹ́ kó ṣàlàyé. Màámi kò mọ̀. Èmi tí mo kàwé ìṣòwò, tí mò ń ra gàrí ní àpò-àpò, mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin náà sọ pé ohun tó kan tó báyìí kò lè ní ṣúgà nínú. Gbogbo wa gbà.

Ní Sátidé, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa ní kí n mú áyódìn wá. Èyí tí a fi ń wẹ egbò ẹsẹ̀ yín ṣì wà lórí pẹpẹ. Ó kán an sórí ẹ̀bà, ẹ̀bà sì dúdú bí aró. Ó ní sítáàṣì ni, bíi ti aṣọ, pé ṣúgà ni wọ́n sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ahọ́n kò mọ̀ ọ́n nítorí okùn rẹ̀ kò tíì já. Itọ́ àti ìfun ló ń já a, tí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan á fi wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ lò nínú àpò ló mú gàrí kan, kò yọ ìlẹ̀kẹ̀ kúrò. Ó ní kí n rún iṣu, tí sítáàṣì wà nínú rẹ̀ bíi ti gàrí, lẹ́nu pẹ́, kí n má gbé e mì. Ó dùn, Bàbá. Mo tu ú dànù.

Èèrà mọ̀ ṣáájú wa. Wọ́n ń tò lọ síbi tí ẹ ti ń tọ̀ lẹ́yìnkùlé. Kí ló dé tó jẹ́ eérú nìkan la dà lé wọn?

Àtọ̀gbẹ ti dé ara Màámi báyìí. Dókítà ò ní kí wọ́n má jẹun: ẹ̀bà kékeré, ẹ̀fọ́ púpọ̀, ẹja. Wọ́n kọ̀. “Gàrí tí bàbá yín jẹ títí wọ́n fi lọ, òun lèmi náà máa jẹ.”

Ọ̀rọ̀ yín nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Jímọ́ọ̀ la ń padà lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ yọjú sí wọn lójú àlá kó tó di ọjọ́ náà, kí ẹ sọ pé ẹ ṣe àṣìṣe. Bí ilẹ̀ Jímọ́ọ̀ bá mọ́ tí ẹ ò tíì wá, màá gbé àpò gàrí kúrò nílé, kí wọ́n bá mi jà. Mo ti pẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Èmi ọmọ yín, tó ń ra gàrí.