Àkùkọ Aláwọ̀ Eérú Tí Mo Wẹ̀

Ọmọ mi,

Èmi tí mo ru bíríkì lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tí iná jó ilé mi tí mo tún un kọ́, èmi náà ni mo ń kọ̀wé yìí. Mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀.

Àkùkọ kékeré aláwọ̀ eérú wa ti kú. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń yan akọ fún abo kí n tó rí àwọ̀ yẹn. Irú ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo wẹ̀ ẹ́ fún ìdíje ẹwà adìyẹ bíi ti àtẹ̀yìnwá, mo gbé e sínú àpótí, mo lọ jẹun. Kí n tó dé, òtútù ti pa á. Aládùúgbò mi ní, "Bàbá, ta ló nù ún gbẹ?"

Èmi kì í nù ún. Bí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán, ìyá rẹ ni mo máa ń nà án sí, màá sì máa fọ́nnu kiri pé èmi nìkan ni mo ń sìn ín. Ọdún kan tó ti fi wá sílẹ̀ rèé, àṣé iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi. Bá mi fi aṣọ ìnura tó rọ̀ ránṣẹ́, nítorí àwọn abo tó kù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá lọ síbi tí a sin ìyá rẹ sí, màá sọ fún un pé òun ló ni gbogbo ife ẹ̀yẹ tó wà ní pálọ̀.

Bàbá rẹ