Omi Ìka Mẹ́rin Nídìí Táǹkì Kẹta

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ikùn kò wúwo jù fún ọ, ṣé ọkọ rẹ sì ń jẹ́ kí o sinmi? Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní ni wàá sọ̀ o. Ní tiwa níbí, ara wa dá ṣáṣá, àyàfi orúnkún mi tó ń pariwo nígbàkigbà tí mo bá ń gun àkàbà táǹkì. Ìyá rẹ ní kí n má kọ ìyẹn kí o má baà ronú, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni bírò wà.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ti sọ fún ọ ní ọ́fíìsì yín pé ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé epo bọ̀ fi ọjọ́ kan pẹ́ kó tó gbéra. Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi bàbá rẹ ni. Jókòó dáadáa kí n rò ó fún ọ, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe máa rò ó.

Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwa ní epo rọ̀bì, a ò ní ilé ìfọpo. Àwọn ọ̀gá rẹ lọ́hùn-ún ní ilé ìfọpo, wọn ò ní epo nínú ilẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, àwọn alágbàtà òkè òkun ló ń dúró láàárín wa, tí wọ́n ń ra tiwa lọ́pọ̀, tí wọ́n sì ń tà á fún yín lọ́wọ̀ọ́n. Ọdún yìí ni tọ̀tún-tòsì sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí a máa tà fún ara wa tààrà nìyí, wọ́n sì ní àwọn ò ní pe àjèjì kankan wá wọn epo náà. Ìwé ẹni tó ń wọn epo lọ́dọ̀ wa ti tó. Èmi ni ẹni náà. Ìwọ lo sì ṣe onídùúró mi lọ́dọ̀ wọn.

Àlejò mẹ́rin ló wá, pẹ̀lú ògbufọ̀ tó rọ́pò rẹ nítorí oyún rẹ. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn, òun náà ti wọn epo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni a sọ ọ́, torí ohùn rẹ̀ kì í ròkè rárá. Nígbà tó bọ̀ mí lọ́wọ́, èékánná mi ló kọ́kọ́ wò, ó sì fi tirẹ̀ hàn mí. Dúdú ni méjèèjì. Inú mi dùn sí i láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Ajé ni mo wọn táǹkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí omi ni epo máa ń léfòó sí, nítorí náà bí omi bá wà nínú táǹkì, ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa sá sí. Ìpara kan wà tí a fi ń pa ìdí tépù tí a fi ń wọn epo ká tó jù ú sínú táǹkì. Bó bá kan omi, á pọ́n. Bó bá jẹ́ epo nìkan, kò ní yí àwọ̀ padà. Ìpara mi kò pọ́n níbì kankan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sómi, mo fọwọ́ sí i gàdàgbà, mo sì ń yan káàkiri bí ẹni pé èmi ni mo gbẹ́ kànga epo náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ fọ ọwọ́ mi lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ìpara yẹn ṣì wà ní ìka mi. Omi ń dà sí i lórí, kò pọ́n. Mo fi omi kún un, kò pọ́n. Mo dojú agolo ìpara náà dé, mo wo ìdí rẹ̀: ó ti fi ọdún méjì kọjá àsìkò rẹ̀. Èmi tí mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Èmi tí mo máa ń bú àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n máa wo ìdí agolo! Mo ṣí agolo tuntun, mo tún gun òkè. Táǹkì kìíní mọ́, ìkejì mọ́. Ìkẹta pọ́n, omi ìka mẹ́rin gbáko.

Mo bá ọ̀gá wa lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé, ó ń tún táì rẹ̀ ṣe. Ó gbá mi lápá mú. Ó ní, “Baba Onítépù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ìka mẹ́rin péré! Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ síwèé àdéhùn ná. Bí wọ́n bá gbọ́ èyí, wọ́n á ní kí ni àwa fi sàn ju àwọn alágbàtà lọ?” Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Oṣù mẹ́ta ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo rò jù. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ojú á tì ọ́ lọ́fíìsì. Bí mo bá dákẹ́, omi á bá epo dé ọ̀dọ̀ yín, orúkọ rẹ á sì bàjẹ́ pátápátá. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Mo wọlé tòun ti tépù lọ́wọ́, epo ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn. Mo sọ pé ìwé tí mo kọ kò dára, pé ìpara mi ti bàjẹ́ tí mi ò wò ó, pé omi wà nínú táǹkì kẹta. Ògbufọ̀ kọ́kọ́ wò mí lójú bí ẹni pé kí n yí i padà. Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe jẹ́. Ọ̀gá wa kàn jókòó gbì.

Ìyá Jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ògbufọ̀ sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Wọ́n ní àwọn bi ọmọ yín nígbà kan pé ṣé bàbá rẹ̀ kì í ṣàṣìṣe. Ó ní, ‘Ó ń ṣe é, ó ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ ọ́ fún yín, kí ẹlòmíì tó sọ ọ́.’ Wọ́n ní nítorí ọ̀rọ̀ yẹn làwọn ṣe wá.”

Ìyá Jẹ́jẹ́ gba ìbọ̀wọ́, ó bá mi gun táǹkì. A ṣí fáàfù ìdí rẹ̀, a fa omi náà jáde díẹ̀díẹ̀ títí ìpara fi kọ̀ tí kò pọ́n mọ́. Ní Ọjọ́rú, wọ́n fọwọ́ síwèé ọdún márùn-ún. Ó sì ní kí wọ́n fi ìlà kan kún un: kí ẹnikẹ́ni tó wọn epo, kí ẹni méjì jọ wo ìdí agolo. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọmọ mi, orí mi wú. Gbogbo ayé mi ni mo ti fi ń yangàn pé ọwọ́ mi kì í ṣì. Àṣé ọmọ mi mọ̀ pé ó ń ṣì, síbẹ̀ ó fi orúkọ rẹ̀ dúró fún mi. Ìyẹn dùn mọ́ mi ju ìwé ọdún márùn-ún lọ.

Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ọmọ tí o máa bí á fi orúkọ rẹ̀ dúró fún ìwọ náà, kò sì ní kábàámọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹni tí o ṣe onídùúró fún.

Àfikún: Mo bi ìyá rẹ bóyá òun ló sọ fún ọ pé mo máa ń ṣàṣìṣe “dáadáa”. Ó ní rárá. Ó yára sọ ọ́ jù.