Obì Tó Ń Ké Màmi Lọ sí Òkè Ọya

Ọmọ mi Lásúnkànmí,

Mo kí ọ, mo kí orí rẹ, mo kí ẹsẹ̀ tó ń gbé ọ kiri Ìkòròdú, mo sì kí etí rẹ méjèèjì lábẹ́ ohun dúdú bí ìdérí ìkòkò tí o fi máa ń bò wọ́n. Olúwa tó mú mi jí láàárọ̀ yìí kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ẹkún rẹ mọ́, pàápàá èyí tí o sun níjọ́sí nítorí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Ìyá rẹ ló ń kọ̀wé yìí o. Orí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ní Ìsarà ni mo jókòó sí, apẹ̀rẹ̀ obì wà lápá ọ̀tún mi, àwo ìkọ́kọrẹ́ àná tí mo gbé kaná wà lápá òsì. Kò sí ẹni tó jí mi gbé. Kò sí ẹni tó dè mí lọ́wọ́, bí wọ́n bá dè mí, kí ni mo fi ń di bíró mú? Bánkẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ ní òun ti pè ọ́ pé mo wà láàyè, pé o ní o kò gbà, pé ẹ̀rọ ti wà báyìí tó lè ṣe ohùn ènìyàn àti ojú ènìyàn, àti pé àmì orí máàpù rẹ ṣì ń fi hàn pé Kánò ni mo wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíró. Wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi dáadáa. Bí èyí kò bá tó, bi ẹ̀rọ rẹ léèrè bóyá ó mọ̀ nípa àpá tó wà nídìí rẹ, tí o gbà lọ́jọ́ tí o jí ṣúgà lá, tí o ń fi ẹ̀yìn rìn kúrò nínú ilé kí n má baà rí ọ, tí o wá lọ jókòó sórí sítóòfù. Èmi ni mo fi àdí pa á.

Kí n tó bá ọ jà, kí n ròyìn ilé. Òjò ń rọ̀ dáadáa. Bàbá Ọmọ́túndé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ṣì ń ráhùn orúnkún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé ọdẹ pa ẹran, wọn kì í rántí orúnkún. Iná NẸ́PÀ ń wá bí ìyàwó tó ń bínú, bó bá yọjú tán ni yóò tún padà. Gbàǹja ṣe dáadáa lọ́dún yìí. Ó tán. Ó kan ìwọ.

Ní Ọdún Àjíǹde tó kọjá, o gba fóònù onítọ́ọ̀ṣì mi, o ní ó ti di ti àtijọ́, o gbé pẹlẹbẹ kan tó ń dán bíi díńgí lé mi lọ́wọ́. O ní fóònù tó gbọ́n ni. Mo bi ọ́ pé kí ló gbọ́n sí, o ní ó mọ ibi tí mo bá wà nígbàkugbà. Mo ní èmi náà mọ ibi tí mo bá wà. O rẹ́rìn-ín. O tún yọ irin wúwo kan jáde, o ní òun ni yóò máa fún fóònù lóúnjẹ bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ. Lẹ́yìn náà o gba ohùn ara rẹ sínú fóònù náà, pé bí o bá ti ń pè mí, kó máa kígbe pé Màmi, Màmi, ẹ gbé mi o, nítorí o ní etí mi ti ń wúwo. Etí ta ló ń wúwo? Èmi tí mo ń gbọ́ ìró kòkòrò nínú obì kí ẹlòmíràn tó rí ihò rẹ̀!

O kò tíì lọ jìnnà tí ibà fi mú fóònù náà. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbóná bí ara ọmọ tó fẹ́ yọ eyín. Moríyọ̀ tí a jọ ń ta obì ní kí n gbé e lọ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ṣàgámù. Mo ní fún kí ni? Ṣé àwa oníṣòwò obì ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní ìtọ́jú ohun tó ń gbóná? Ẹ̀yìn mi lo wà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, o sì mọ̀ pé bí ooru bá ti fẹ́ mú gbàǹja, ewé gbòdògì tútù la fi ń wé e, a ó tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, bí ewé bá gbẹ a ó pààrọ̀ rẹ̀, ara obì á sì máa dán títí. Ohun tí mo ṣe fún fóònù rẹ nìyẹn. Mo wé e pẹ̀lú irin tó ń fún un lóúnjẹ, n kò já wáyà tó so wọ́n pọ̀, nítorí a kì í já ọmú lẹ́nu ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Mo tẹ́ wọn sáàárín obì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ara fóònù ti tutù nini. Mo fi ẹ̀yin ará Èkó rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ ọ́n bí, ẹ kò mọ̀ ọ́n wò.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe lójoojúmọ́, títí di ọjọ́ tí mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tawfiq, ọmọ Ìlọrin tó ń ra obì wa lọ tà lókè Ọya, dé lẹ́yìn mi, Moríyọ̀ bá rán ẹnu apẹ̀rẹ̀ pa, ó kó gbogbo rẹ̀ fún un. Kò mọ̀ pé aláìsàn kan wà láàárín wọn. Nígbà tí mo fi dé, ọkọ̀ ti gbéra. A pe Tawfiq títí, kò wọlé. Nọ́ńbà tìrẹ sì rè é, inú fóònù yẹn náà ló wà, ìwọ lo ní kí n má wulẹ̀ há a sórí mọ́. Mo ní kò burú, Tawfiq á gbé e bọ̀. Ká sòótọ́, ara tù mí. Kò sí ẹni tó ń ké Màmi mọ́ bí mo bá ń gbàdúrà.

Èmi kò mọ̀ pé o jókòó sí Ìkòròdú tí o tẹjú mọ́ àmì kan tí kò tó kóró ata. O rí i pé ó kúrò ní Ṣàgámù, ó kọjá Ìbàdàn, ó kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, ó dúró pẹ́ nínú igbó kan lẹ́bàá Jẹ́bà, o bá figbe ta pé wọ́n ti jí ìyá rẹ gbé. Èmi tí n kì í dé Ìpẹ̀rú láìjẹ́ pé gbogbo àdúgbò gbọ́! Lásúnkànmí, ẹni tó bá jẹun àárọ̀ ní Ìkòròdú, tó gba Ògijo já sí Ṣàgámù, yóò bá wa jẹ ọ̀sán ní Ìsarà. O kò wá. O kò rán Kàbírù awakọ̀, tó ń ná ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́, pé kó yà wo ilé wò. Ṣe ni o jókòó sórí àga rẹ tó dà bí ti onígbàjámọ̀, o bo etí, o tan iná aláràbarà sẹ́yìn bí ẹni ń ṣọdún Kérésìmesì, o sì sunkún fún gbogbo ayé lórí ìntánẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tú jáde ni ọmọ Moríyọ̀ fi fídíò náà hàn mí. Mo rí ohun tí àwọn ènìyàn rẹ kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní ẹ̀bi ìjọba ni. Ẹnì kan ní fóònù tí o rà fún mi ni kò dára, pé ká ní irú tòun ni mo ń lò ni, wọn ì bá má lè gbé mi. Òmíràn ní kí o gba ìtùnú, ṣùgbọ́n kí o jọ̀ọ́ sọ bóyá géèmù tuntun tó jáde yẹn tọ́ sí owó tí wọ́n ń pè é. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi ọ́ pé ṣé o ti délé.

O máa ń fọ́nnu fún mi pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń tẹ̀lé ọ. Nígbà tí o kó ẹrù láti Agége wá sí Ìkòròdú, ìwọ àti Kàbírù nìkan lẹ gbé bẹ́ẹ̀dì. Níbo ni àwọn tó ń tẹ̀lé ọ wà? O lè fi odidi wákàtí kan gbé fóònù méjì síra, o ń yẹ ara wọn wò bí ẹni ń yan àfẹ́sọ́nà, o ní èyí ya fọ́tò ju tọ̀hún. Fọ́tò ta? Ògiri ilé rẹ lo ń yà. Ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ tún máa ń jókòó sọ̀rọ̀ owó epo bẹntiróòlù, olúkúlùkù ti dí etí pa, ta ló wá ń gbọ́ ta? Níbí, bí epo bá wọ́n, Kàbírù á pe owó ọkọ̀, a ó bú ìjọba, a ó wọkọ̀, ó parí. Géèmù bọ́ọ̀lù yẹn ńkọ́? Ẹ jókòó, ẹ ń làágùn, ẹlòmíràn ló ń sáré. Ní Àjíǹde, mo ní kí o bá mi kó èèpo obì dànù, o ní kí n jẹ́ kí o kọ́kọ́ gba ife-ẹ̀yẹ. Nígbà tí o sùn, mo tú báàgì rẹ kí n lè mú ife náà han Bàbá Ọmọ́túndé. Wáyà ni mo bá.

Ibi tó dùn mí dé egungun nìyí. Ìyá Bánkẹ́ rí fídíò rẹ ní Ìkẹ́nnẹ́, àwọn obìnrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kóra jọ, wọ́n ń bọ̀ wá bá ìdílé wa gbàdúrà. Wọ́n wọlé ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n bá mi pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, mo ń la obì. Ẹni tó ṣáájú ju ìwé orin sílẹ̀, ó ní àkúdàáyà rè é o, ó sá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bi wọ́n léèrè ẹni tí nǹkan ṣe. Ìyá Bánkẹ́ ní èmi ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé wọn, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àfi ìyá Bánkẹ́. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, o mọ̀ bí irú wọn ṣe ń wo ènìyàn. Wọ́n ní iṣẹ́ wo gan-an ni ọmọ mi ń ṣe. Mo gbè ọ́ lẹ́yìn, mo ní o ń bá aráyé tọ́ nǹkan wò kí wọ́n tó rà á, bí àwa náà ṣe ń gé obì jẹ kí a tó sanwó. Wọ́n ní ó dára. Wọ́n wá ní, ìyá ọkọ, lọ́jọ́ tí Bánkẹ́ bá wà nílé ọmọ yín, tí àmì bá sọ fún un pé ilé ọkùnrin kan ní Ṣàgámù ni Bánkẹ́ wà, ta ni yóò kọ́kọ́ bi léèrè? Lásúnkànmí ọmọ mi! Ṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi fún ẹni tí òùngbẹ kò gbẹ.

Wọ́n ní mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí a dá sí Sátidé ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kí o fi ẹnu ara rẹ dáhùn ìbéèrè yẹn lójú Bánkẹ́. Àwọn kò fẹ́ ìpè, àwọn kò fẹ́ fídíò. Bí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ bá ṣú tí wọn kò rí ọ, kí a má wulẹ̀ palẹ̀ mọ́. Kí o sì mọ̀ pé Bánkẹ́ ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ yà wo ilé kí wọ́n tó máa ké. Òun náà bá wọn wá; nígbà tó rí mi, ó dì mọ́ mi, ó sunkún, ó nu ojú, ó fa àpótí jókòó, ó sì bá mi bó obì títí tí àwọn ìyá fi múra tán láti lọ. Fóònù wo lo rò pé ó lè wá irú rẹ̀ rí fún ọ?

Tawfiq ti pe Moríyọ̀. Ó ní lẹ́bàá Jẹ́bà ni àwọn elérù gbọ́ ohùn ènìyàn nínú apẹ̀rẹ̀ tó ń ké Màmi, Màmi, ẹ gbé mi o, gbogbo wọn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì kọ̀ láti gun ọkọ̀ títí ẹ̀rù fi tán lára wọn. Nítorí náà, igbó tí o ní àwọn ajínigbé fi mí pamọ́ sí, ohùn ìwọ fúnra rẹ ló dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀. Ó ní fóònù náà wà ní Kánò, ara rẹ̀ tutù, kòkòrò kankan kò wọ̀ ọ́. Sọ ìyẹn fún àwọn ènìyàn rẹ. Sọ fún wọn pé ewé gbòdògì dára ju báàgì aláràbarà tí ẹ ń fi bo fóònù.

Bí o bá ń bọ̀, mú owó díẹ̀ dání, aṣọ tí n óo wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ṣì wà lọ́wọ́ télọ̀, awò ojú mi náà sì ti sán. Bí o bá fẹ́ kí owó ṣáájú rẹ, fún Kàbírù lọ́wọ́. Má fi í ránṣẹ́ sórí fóònù, nítorí Kánò ni fóònù wà, ibẹ̀ ni owó náà yóò wọlé sí, n kò sì fẹ́ kí Tawfiq máa fi owó ọmọ mi ra suya. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì mi ńkọ́? Gbé e bọ̀. Obì tí a ó gbé lọ sílé àna, mo ti ṣà á sọ́tọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Mo rí i nínú fídíò yẹn pé o ti rù. N kò la obì mọ́ lọ́jọ́ náà. Kí Olúwa má jẹ́ kí o sunkún òtítọ́ lórí mi títí ìwọ náà yóò fi hu ewú. Ohun tí ojú rẹ kò rí, kí ó má tipa ẹ̀rọ dá ọ láàmú. Ìyàwó tó bá ọ mu kò ní bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọ̀nà Ògijo yóò dára fún ọ, àlọ rẹ, àbọ̀ rẹ.

Bí àmì rẹ bá ní mo wà ní Kánò, jẹ́ kó máa wí. Ibi tí o fi mí sí náà ni mo wà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àtinúkẹ́