Marlys Ruth Haugen (1941–2019), Ìyá Tó Ń Dáhùn Lẹ́tà Òfin Ìjà

A bí olóògbé Marlys Ruth Haugen ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1941, ní oko màlúù ìdílé Tollefson, lẹ́yìn ìlú Viroqua ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Selmer ni baba rẹ̀, Inga ni ìyá rẹ̀, ìran àwọn ará Norway tó wá dáko síbẹ̀. Òun ni ìkẹta nínú ọmọ márùn-ún. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́rìí pé láti kékeré ni kì í ti í gba ọ̀rọ̀ kan láìbèèrè ìdí rẹ̀.

Ó parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1959, ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní La Crosse, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láti 1962 títí di 1980. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1963 ló fẹ́ Gordon Haugen, awakọ̀ tó ń gbé wàrà láti oko lọ sílé iṣẹ́ wàràkàṣì. Gordon kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyàwó rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ilé wọn tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ọlọ́run fi Karin àti Nels ta wọ́n lọ́rẹ.

Nígbà òtútù ọdún 1977, Karin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ó sì di ẹni orí ibùsùn fún oṣù mẹ́ta. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé eré kan wá bá a. Nínú eré náà, oníkálukú ń dá akọni tirẹ̀, ẹnìkan ń ṣe rẹfirí, ó ń sọ ìtàn ewu tó wà níwájú. Bí ìjà bá dé, dáìsì, ọmọ ayò tí a kọ nọ́ńbà sójú rẹ̀, ni wọ́n ń dà láti mọ ẹni tó gbá ẹni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe rẹfirí. Olóògbé gbà á ṣe. Ìwé òfin ìjà ló fẹ́ sọ ọ́ di wèrè: ohun tí ojú ewé kan sọ, èkejì á sẹ́ ẹ.

Ó pariwo pé, "Ta ló kọ èyí? Ṣé oorun ló ń kùn ún ni?"

Karin rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ bi wọ́n."

Ó kọ̀wé sí Lantern Hill, ilé iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe eré náà ní Milwaukee, pẹ̀lú ìbéèrè mọ́kànlélógójì. Dípò lẹ́tà, ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ossian Pruitt, ló pè é lórí fóònù: "Ìyáàfin Haugen, àwa náà ò mọ ìdáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa wá a."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé láti 1980 títí di 1996, gbogbo lẹ́tà nípa òfin ìjà ń dé orí tábìlì ìdáná rẹ̀. Ṣé ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi lè ta ọfà? Bí jagunjagun bá ń sùn, ṣé a lè gbá a lẹ́ẹ̀mejì? Ó ń dá gbogbo wọn lóhùn, ìwé ìròyìn ilé iṣẹ́ sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1985, opó kan ní Duluth, Aili Lehto, kọ̀wé sí i. Ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Wendell àti Curtis, ti lé lógún ọdún, èbúté ọkà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wendell fi orúkọ baba wọn tó kú, Eino, sọ akọni rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi ń ṣeré pẹ̀lú rẹ̀. Curtis ni rẹfirí. Nínú ìjà kan, Eino gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fara gbọgbẹ́ lé èjìká, ó ń fà sẹ́yìn lọ sí ẹnubodè. Curtis ní ẹni tó bá sá, ọ̀tá á gbá a láìka apata rẹ̀ sí. Eino kú. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Olóògbé dáhùn pé Curtis jàre, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún lẹ́tà náà kà, ó sì rí àṣìṣe rẹ̀. Wendell ò sọ pé òun sá. "Mò ń fà sẹ́yìn" ló sọ. Òfin sì sọ ọ́ kedere: ẹni tó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tí kò sáré, apata rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ó pe Ọ̀gbẹ́ni Pruitt lórí fóònù pé òun fẹ́ tún un ṣe. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀, kí àwọn èèyàn má baà sọ pé ìdáhùn wọn ò ṣeé gbọ́kàn lé.

Ó ní, "Mo ṣì í. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Marlys Haugen ṣì í, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà."

Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Gordon, ọ̀nà Duluth ńkọ́?"

Gordon dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. "Yìnyín wà níbẹ̀. Wọ bàtà tó nípọn."

Nílé Aili, olóògbé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Wendell, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ja ìjà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bó ṣe yẹ kó rí. Curtis da dáìsì olójú ogún. Pẹ̀lú apata, ọ̀tá nílò mẹ́tàdínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè gbá Eino. Méjìdínlógún ló jáde.

Curtis gbé dáìsì náà sọ́wọ́. Ó ní, "Ó kú, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti dé ẹnubodè. Ó ti ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé."

Wendell fi ọwọ́ bojú. "Dádì gan-an nìyẹn. Bí Dádì ì bá ṣe ṣe é nìyẹn."

Aili lọ gbé kọfí kaná. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sunkún, wọ́n sì ń jiyàn lórí ọ̀nà tó kàn láti gbà, bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọmọ ìjọ Lutheran tòótọ́ ni olóògbé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ó sì ń kàwé fún àwọn afọ́jú ní ilé àwọn arúgbó. Gordon ṣáájú rẹ̀ lọ ní 2011.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, àìsàn ọkàn dá a dùbúlẹ̀. Karin bi í pé, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ ká ṣe fún yín?"

"Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹyẹ ti ń bọ̀ láti gúúsù, ẹ̀ ń dínà ohùn wọn."

Wọ́n ṣí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá, ó gbọ́ wọn títí, ó sì lọ.

Ó fi Karin àti Nels sáyé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, Linnea, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Borghild.

Mọ́mì, ẹ sùn ún re. Ilẹ̀ ọjọ́ tí kì í ṣú ti mọ́ bá yín. Kí Olúwa pàdé yín lọ́nà, kó sì pè yín lórúkọ.