Bọ́ọ̀sì Tí Kò Ní Dé Owódé Mọ́

Owódé, Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹfà, 1982

Ó rẹ̀ mí. Ilé Aṣòfin ti fọwọ́ sí i pé bọ́ọ̀sì ìjọba kò ní dé ọ̀dọ̀ wa mọ́ láti oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní owó epo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Òun sì ni Ṣadé àbúrò mi ń wọ̀ lọ sí girama ní Abẹ́òkúta. Ilé ìwé abúlé ni tèmi parí sí.

Nígbà tí Sípíkà ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́, Ọnọrébù wa, tí mo lẹ pósítà fún káàkiri, ń wo ilẹ̀. Èmi tí mo jókòó láàárín àwọn òǹwòran ni mo ké bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọlọ́pàá fà mí jáde.

Ọnọrébù bá mi níta. "Ta ló dìbò yàn ọ́?"

"Ẹ̀yin la dìbò yàn, sà. Ẹ ò sì sọ̀rọ̀."

Ó ní ẹgbẹ́ ló pàṣẹ. Mo ṣì bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ìdí mọ́tò.

Ṣadé ń lọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Mo sọ bó ṣe rí fún un. Ó kó ẹyin iná sí i nínú áyọ́ọ̀nù, ó ń lọ̀ ọ́ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá fẹsẹ̀ rìn, ìgbà wo ni kí n máa gbéra?"

Mo ní kó lọ sùn.